Sẹ́ǹtì Mẹ́wàá-Mẹ́wàá: Ìtàn Àjọ Tí Owó Kékeré Gbé Ró

   

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín wa tí gbogbo yín mọ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa dá àpò owó kan sílẹ̀, tí a ó máa fi ran àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ àti àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn. Àwọn kan ní ó dára. Àwọn kan ní, "Èló ló wà lọ́wọ́ wa? Ẹ jẹ́ ká wá olówó kan kó gbé e ṣe." Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìtàn ni wọ́n ní kí n kọ, ìtàn náà ni mo sì fẹ́ sọ. Ìtàn àjọ kan ni, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ olówó kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìgbà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn mẹ̀kúnnù ló tó ṣe ohun tí ayé ń ròyìn. Ẹ bá mi kà á dópin, kí ẹ tó sọ tiyín.

ÀRÙN TÍ KÒ MỌ OLÓWÓ

Ta ni kò mọ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pólíò, nínú wa? Nígbà tí à ń dàgbà, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní rí ọmọ kan tó ń fi ọwọ́ ti orúnkún rìn, tàbí tó ń fi ọ̀pá méjì rìn. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Ẹnu ló ń gbà wọlé, nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá wọ̀ lára kì í tilẹ̀ mọ̀. Ibà díẹ̀ ni, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn díẹ̀, yóò wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, yóò sì ba àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ẹran ara jẹ́. Ẹran ẹsẹ̀ á dákẹ́, á gbẹ. Ẹsẹ̀ kan lè kúrú ju èkejì lọ, ẹ̀yìn lè wọ́. Nígbà míràn ẹran àyà tí a fi ń mí náà á dákẹ́, ìyẹn ló sì ń pani.

Kò sí oògùn tó ń wo àrùn yìí títí di òní olónìí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń já lé àwọn dókítà eléegun lọ́wọ́: bàtà onírin, ọ̀pá, iṣẹ́ abẹ, àti ìdárayá ọlọ́jọ́ pípẹ́. Gbogbo rẹ̀ sì ń fẹ́ owó, kì í ṣe owó ọjọ́ kan, owó ọdún gbọọrọ ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1921, àrùn náà mú Franklin Delano Roosevelt. Ọmọ olówó ni, òṣèlú sì ni. Ọmọ ọdún 39 ni nígbà náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́, kò sì tún dá rìn mọ́ títí ó fi kú. Ó wá ìwòsàn káàkiri, kò rí i. Ní 1924 ó gbọ́ nípa omi kan tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Warm Springs, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì máa ń gbé èèyàn fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ tí kò lè gbéra lórí ilẹ̀ fi lè mira nínú rẹ̀. Omi yẹn kò wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó fún un ní agbára àti ìrètí. Ní 1926 ó fi púpọ̀ nínú owó tó ní ra ibẹ̀. Ní 1927 òun àti agbẹjọ́rò kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Basil O'Connor, sọ ibẹ̀ di ti àjọ kan tó ń tọ́jú àwọn tí àrùn náà mú.

Títí dé ibí yìí, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ olówó kan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Kò sì burú. Ṣùgbọ́n ní 1929 ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, àwọn olówó tó ń ṣe ìtọrẹ káwọ́ kò. Àjọ Warm Springs fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Ẹni tó bá gbójú lé olówó, bí olówó bá ti jẹ gbèsè, òun náà ti jẹ gbèsè nìyẹn.

IJÓ ỌJỌ́ ÌBÍ ÀÀRẸ

Roosevelt di Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1933. Àwọn tó ń wá owó fún àjọ rẹ̀ wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe òde ijó ní ọjọ́ ìbí Ààrẹ, 30 January, kí owó ìwọlé jẹ́ ti àjọ. Wọ́n ní àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé ń jó kí ẹlòmíràn lè rìn. Ní 1934 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, láàárín ọ̀dá owó o!

Ẹ̀yin náà mọ bí láńṣì ṣe máa ń rí. A ó pe alága ọjọ́, a ó pe bàbá ìsàlẹ̀, onílù á lù, a ó ná owó sí orí ara wa. Ó dára, ó sì ń mówó wọlé. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ́n fi ń bá ijó yẹn wí. Èkíní, orúkọ Ààrẹ ló wà lára rẹ̀. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí òṣèlú rẹ̀ ò fẹ́ fi owó wọn kún un, wọ́n ní ṣé Ààrẹ ni àwọn fẹ́ gbé ga ni àbí aláìsàn. Èkejì, ibì kan ṣoṣo ni owó ọdún àkọ́kọ́ lọ, Warm Springs. Ìyá tó wà ní ìlú tó jìnnà, tí ọmọ rẹ̀ rọ lónìí, kí ni ti Warm Springs fẹ́ ṣe fún un?

Láti 1935 wọ́n yí i padà kí púpọ̀ nínú owó ìlú kọ̀ọ̀kan lè dúró sí ìlú náà. Ṣùgbọ́n ìyípadà ńlá gan-an dé ní 3 January 1938, nígbà tí wọ́n dá àjọ tuntun sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ níbikíbi tó bá wà. O'Connor ni wọ́n fi ṣe alága. Wọ́n ní kí ọwọ́ òṣèlú kúrò níbẹ̀, yálà ẹgbẹ́ Ààrẹ ni o tàbí ẹgbẹ́ alátakò.

SẸ́ǸTÌ MẸ́WÀÁ

Aláwàdà kan wà tí gbogbo ayé ń gbọ́ lórí rédíò nígbà náà, Eddie Cantor. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n má bẹ àwọn olówó mọ́. Kí wọ́n ní kí olúkúlùkù fi owó ẹyọ kan ránṣẹ́ sí Ààrẹ tààrà, owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní dime. Dime mẹ́wàá ló ń jẹ́ dọ́là kan. Bí tọ́rọ́ àti sísì ṣe rí fún àwọn bàbá wa ni dime rí fún wọn: kò sí ọmọ tí kò lè rí i bí ó bá fi owó súwíìtì rẹ̀ pamọ́. Cantor pe ìkówójọ náà ní March of Dimes, orúkọ tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ìròyìn kan tó lókìkí nígbà náà.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àpò lórí àpò ni. Yàrá tí wọ́n ti ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ ní ilé Ààrẹ kún dé òrùlé. Àwọn kan fi owó náà di inú bébà, àwọn kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó jẹ́ bíi dime 2,680,000. Ìyẹn jẹ́ dọ́là 268,000.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iye yẹn dáadáa. Tí ẹ bá fi wé mílíọ̀nù dọ́là tí ijó 1934 mú wá, kò tó o. Ẹni tó bá ń ka owó nìkan yóò ní ọdún 1938 kò dára. Ṣùgbọ́n àjọ náà ti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn tí wọ́n lè sọ pé, "Owó mi wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé. Ẹni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ yóò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe, yóò sì tún mú òmíràn wá lọ́dún tó ń bọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE NÁ OWÓ NÁÀ

O'Connor dá ẹ̀ka sílẹ̀ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, ẹ̀ka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Àwọn tó ń ṣe é kì í gba owó oṣù: olùkọ́, onísọ́ọ̀bù, ìyàwó ilé, àlùfáà. Òfin tó mú wọn pọ̀ rọrùn láti rántí. Bí owó bá ti wọlé, a ó pín in sí méjì. Ìdajì á dúró sí ẹ̀ka tó kó o jọ, láti fi tọ́jú àwọn aláìsàn ibẹ̀. Ìdajì kejì á lọ sí olú ilé iṣẹ́, láti fi ṣe ìwádìí àrùn náà àti láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera.

Ṣé ẹ rí ọgbọ́n tó wà nínú ìdajì-ìdajì yìí? Ìdajì kan ń gbọ́ ẹkún òní, ìdajì kejì ń wá gbòǹgbò. Bí gbogbo owó bá lọ sí ìwádìí, àwọn ará ìlú á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì lọ sí owó ilé ìwòsàn, àwọn á máa san án títí ayé ni.

Owó ẹ̀ka ni wọ́n fi ń ra bàtà onírin, tí wọ́n fi ń san owó dókítà, tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n tún ra ẹ̀rọ ńlá kan tó dà bí àgbá, tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sínú rẹ̀, orí nìkan ló ń yọ síta, kó lè bá a mí. Owó ẹ̀rọ kan nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n fi ń ra ilé. Ìdílé wo ló lè dá a rà? Ìrànwọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀yáwó. Wọn kì í sì í ní kí ìdílé ta ilé tà ọ̀nà kó tó rí i gbà. Láàárín 1938 sí 1955, owó tí àjọ náà ná sórí ìtọ́jú aláìsàn nìkan lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là.

Wọ́n tún lo owó náà láti yí ọwọ́ àwọn oníṣègùn padà. Ní ayé ọjọ́un, bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti rọ, wọn á fi P.O.P. tàbí igi dì í pa, wọ́n ní kó má bàa wọ́. Ní 1940 nọ́ọ̀sì kan, Elizabeth Kenny, ti Ọsirélíà dé Amẹ́ríkà. Ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ onírun tí a rì sínú omi gbígbóná bò ó, kí wọ́n sì máa bá ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún díẹ̀díẹ̀. Àwọn dókítà kan bínú sí i, ẹnu rẹ̀ pàápàá mú. Ṣùgbọ́n àjọ náà fi owó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà rẹ̀, ìtọ́jú náà sì tàn kálẹ̀.

ILẸ̀KÙN TÍ WỌ́N TÌ

Bí mo bá dúró síbi tí ó dùn nìkan, irọ́ ni mo pa fún yín. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń jó ijó ọjọ́ ìbí Ààrẹ, wọ́n sì ń san dime. Ṣùgbọ́n Warm Springs kì í gba ọmọ wọn. Ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ wẹ̀ nínú omi kan náà. Àwọn kan láàárín oníṣègùn tún ń sọ pé àrùn náà kì í sábà mú aláwọ̀ dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọn ò fi rí wọn ni pé ilé ìwòsàn kò gbà wọ́n wọlé kí wọ́n tó kà wọ́n.

Àwọn dúdú kò dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn, wọ́n ní owó àwọn wọlé, ọmọ àwọn kò wọlé. Ní 1939 àjọ náà fọwọ́ sí owó tó lé ní 160,000 dọ́là fún ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, kí wọ́n fi kọ́ ilé ìtọ́jú fún àwọn dúdú. Ó ṣílẹ̀kùn ní January 1941, dókítà egungun aláwọ̀ dúdú, John Chenault, ló sì ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì dúdú níbẹ̀.

Ilé ọ̀tọ̀ kọ́ ni ìdọ́gba, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn yẹ kó yé wa: ẹni tó san sẹ́ǹtì mẹ́wàá ló lẹ́nu láti béèrè. Ẹ sì wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀. Ní 1953, nígbà tí wọ́n nílò ẹran ara tí a fi lè dán àjẹsára tuntun wò, Tuskegee yìí náà ni àjọ gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹran ara ọ̀hún wá láti ara obìnrin dúdú kan, Henrietta Lacks, tí jẹjẹrẹ pa ní 1951. Àwọn oníṣègùn mú un lára rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dunni títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó ṣe é.

ÀWỌN ÌYÁ JÁDE

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àrùn náà le sí i. Bí oṣù ooru bá ti dé, wọn á ti odò ìwẹ̀ pa, wọn á ti sinimá pa, àwọn ìyá á ti ọmọ mọ́lé. Ní January 1950, àwọn ìyá ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, dá ọgbọ́n tuntun. Wọ́n kéde pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìtọrẹ kó tan iná ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí agogo lù, àwọn ìyá tú jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tí iná wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan yẹn, wọ́n kó bíi 45,000 dọ́là jọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo orílẹ̀-èdè ti gbà á ṣe.

Ọdún 1952 ló wá burú jù. Àwọn tí àrùn náà mú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58,000, ó pa ju 3,000 lọ, ó sì rọ ju 21,000 lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdajì owó tó ń lọ sí ìwádìí kò sùn. Ní 1949, John Enders, Thomas Weller àti Frederick Robbins ní ìlú Boston rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sin kòkòrò náà nínú ìgò, owó àjọ yìí wà nínú iṣẹ́ wọn. Jonas Salk ní ìlú Pittsburgh fi ọ̀nà yẹn sin kòkòrò náà, ó pa á, ó sì fi òkú rẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 1954 wọ́n dán an wò. Ọmọ ilé ìwé bíi 1,800,000 ló kópa nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ló san owó rẹ̀, dime ni. Kí èsì tó jáde, O'Connor ti fi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là ra àjẹsára sílẹ̀ pé bó bá ṣiṣẹ́, kí ó má bàa pẹ́ kí àwọn ọmọ tó rí i gbà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Owó ti wọgbó nìyẹn.

Ní 12 April 1955, ọdún mẹ́wàá géérégé lẹ́yìn tí Roosevelt kú, wọ́n kéde rẹ̀: ó ṣiṣẹ́, kò sì léwu. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ayé dùn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àjẹsára náà kò pa kòkòrò inú rẹ̀ tán. Èèyàn bíi 200 rọ, mẹ́wàá kú. Ìjọba dá gbogbo rẹ̀ dúró, wọ́n tún òfin àyẹ̀wò ṣe, kí wọ́n tó padà sí i. Nítorí àwọn èèyàn ti gbà pé tiwọn ni iṣẹ́ náà, wọn kò pa á tì. Ní 1962, àwọn tí àrùn náà mú ní gbogbo Amẹ́ríkà kò tó 1,000.

Ó DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ẹ̀ yin tí ẹ bímọ lẹ́yìn 1980 rántí oògùn kíkán sí ẹnu ọmọ. Albert Sabin ló ṣe ìyẹn, owó March of Dimes wà nínú ìwádìí tirẹ̀ náà. Ní 1985 ẹgbẹ́ Rotary gbà láti ran gbogbo ayé lọ́wọ́ kí àrùn náà lè kásẹ̀ nílẹ̀. 120 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fojú sùn, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1988, wọ́n ti kó 247 mílíọ̀nù jọ. Lọ́dún yẹn ni àjọ ìlera àgbáyé pinnu láti pa àrùn náà rẹ́.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀ ń rí àwọn obìnrin tó ń gbé kúlà oníyìnyín láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń fi íńkì kun ìka ọmọ. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Kano dá àjẹsára náà dúró nítorí ìfura, àrùn náà sì tún ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọba àti àwọn àlùfáà bá wọn sọ̀rọ̀ kí ó tó padà. Ní 2016 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Borno. Ní 25 August 2020, wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ pólíò àdáyébá. Irú kan tó ń yọjú níbi tí àjẹsára kò bá kárí ṣì wà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín ṣàìgbà á.

Ẹ ó ní, bí pólíò bá ti ń lọ, kí ló tún kù fún wa? Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn eléegun ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 láti inú ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun. Lónìí ọ̀kadà ni ogun tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé, ìdí rẹ̀ sì ni owó, kì í ṣe àìmọ̀ nìkan. Láti àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń san owó ìwòsàn.

Ẹ tún wo ọmọ tí a bí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Bí wọ́n bá tètè gbé e wá, dókítà á máa rọra tọ́ ẹsẹ̀ náà, á fi P.O.P. dì í, á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á wọ bàtà onírin sùn fún ọdún mélòó kan. Ọ̀nà tí Ignacio Ponseti fi kọ́ni ní ìpínlẹ̀ Iowa nìyẹn, ó sì ti tàn ká ayé. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń rìn, tó ń sáré. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń dí ìyá mìíràn lọ́wọ́, á dáwọ́ dúró lágbedeméjì, ẹsẹ̀ á tún wọ́ padà. Ẹ gbọ́ o, owó ọkọ̀ ni mo wí.

OHUN TÓ KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí nìyí. Mi ò ní kí á má gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tí Ọlọ́run bù kún. Bó bá mú un wá, a ó gbà á, a ó sì gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kí àpò náà má dúró lé orí rẹ̀. Bí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo bá wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí inú bá bí i, tàbí tí ọjà rẹ̀ bá kùtà, ọmọ tó wà nínú P.O.P. ló máa jìyà rẹ̀.

Kí olúkúlùkù wa máa dá iye tí kò ní ni ẹnikẹ́ni lára lóṣooṣù, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pa ìdajì mọ́ fún àwọn aláìsàn àdúgbò rẹ̀. Kí ìdajì kejì lọ sí ohun tí kò ní jẹ́ kí egungun ṣẹ́: kíkọ́ àwọn ọlọ́kadà, rírí i pé wọ́n dé akoto, ríran àwọn agbẹ̀bí lọ́wọ́ kí wọ́n lè tètè dá ẹsẹ̀ tó yí mọ̀. Kí a máa tẹ ìṣirò owó náà sínú ìwé yìí lọ́dọọdún, kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ sọnù. Kí a má sì béèrè ẹ̀sìn tàbí ìlú aláìsàn, tàbí bóyá ó lọ sí ilé ìwé wa. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan, àwa náà ti kọ́ Warm Springs tiwa nìyẹn.

Lẹ́yìn ikú Roosevelt, wọ́n fi àwòrán orí rẹ̀ sára dime. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 30 January 1946, ni owó náà jáde. Àjọ tó dá sílẹ̀ kò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé pólíò ti ń lọ, ní 1958 wọ́n gbájú mọ́ àbùkù tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kún un.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Akápò yóò gbé àwo kalẹ̀ lọ́jọ́ àpéjọ wa. Kí ẹ má wo ẹni tó jókòó tì yín kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ àpò. Ohun tí ẹ bá ní ni kí ẹ mú wá, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sílẹ̀, nítorí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ó béèrè ohun tí a fi ṣe.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún pàdé ní àlàáfíà, lórí ẹsẹ̀ ara wa. Àṣẹ. Ire o.